Ọ̀gá Odidi àti Ọgọ́rùn-ún Òdòdó Tí Ó Ń Tẹríba

Ọ̀gá kan wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tí kò lè fara da ohunkóhun tí kò bá pé. Bí wọ́n bá gbé ìdajì ife omi wá fún un, á ní kí wọ́n gbé e padà lọ kún un. Bí ìpàdé bá yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, aago mọ́kànlá ni yóò wọlé, yóò sì béèrè ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń kánjú jókòó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ṣùgbọ́n ọgọ́ta ni ó kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé létí tirẹ̀ ọgọ́ta dún bí àgbà, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sì dún bí ẹni tí ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Odidi. Wọ́n rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, nítorí ó rò pé oríkì ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni obìnrin tí ó ń yọ́ irin níbẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ìléru. Ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ìléru náà. Ọkọ náà kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì fi ìwé aláwọ̀ aró kan sílẹ̀, tí iná ti jẹ ní etí, tí gbogbo ìwọ̀n irin tí ó yọ́ rí láyé wà nínú rẹ̀. Ìyá Ìléru kì í yọ́ irin kan láì ṣí ìwé náà. Ó mọ gbogbo iye inú rẹ̀ sórí. Síbẹ̀ á ṣí i, á sì wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà díẹ̀, kí ó tó tan iná.

Irin tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ kì í ṣe irin lásán. Irin tí ó ń rántí ni. Bí o bá fi iná kọ́ ọ ní ìrísí kan, o lè tẹ̀ ẹ́ bí ó bá ṣe wù ọ́ nígbà tí ó bá tutù, yóò sì dúró síbi tí o tẹ̀ ẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kàn án dé ìwọ̀n kan, yóò padà sí ìrísí tí ó kọ́ nínú iná, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Irin méjì, níkẹ́lì àti tàìténíọ̀mù, ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ láti fi ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì sí ìdajì. Nínú “ó fẹ́rẹ̀ẹ́” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Olóògbé máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Ìléru báyìí: àwọn èérún inú irin náà dà bí èrò inú gbọ̀ngàn. Nígbà òtútù, wọ́n á jókòó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á fara ti ara wọn, o lè tì wọ́n síbí, o lè tì wọ́n sọ́hùn-ún. Nígbà ooru, wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù á sì padà sí àyè tirẹ̀ gan-an. Níkẹ́lì ni ó ń sọ ìgbà tí wọn yóò dìde. Nínú ọgọ́rùn-ún èérún, bí níkẹ́lì bá jẹ́ àádọ́ta àti ìdá mẹ́rin, ìyẹn ni pé kí o pín ẹyọ kan sí mẹ́wàá kí o sì mú mẹ́rin nínú rẹ̀, omi gbígbóná ni yóò jí wọn. Bí ó bá jẹ́ àádọ́ta àti ìdá mẹ́fà, ooru ara ènìyàn tó wọn. Ìdá kan ṣoṣo, nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá ni ó ń yí padà. Bí ó bá wá di mọ́kànléláàádọ́ta, kódà inú yìnyín kò ní lè mú wọn jókòó mọ́.

Àádọ́ta àti ìdá mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe ìdè eegun. Ó jẹ́ irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí dókítà yóò ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òtútù, tí yóò fi sí ara eegun tí ó ṣẹ́. Ooru ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò mú un pa dé díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi di eegun méjèèjì mọ́ ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí, ilé ìwòsàn eegun ń retí ogójì ìdè. Ọ̀kan nínú ogójì yẹn, ti ẹsẹ̀ àbúrò olóògbé ni.

Ìpàdé Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìléru ń ka ìròyìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dé ibi “àádọ́ta àti ìdá mẹ́fà,” Ọ̀gá Odidi sì gbé ọwọ́ sókè.

“Kí ni ìdá ń wá nínú ọ́fíìsì mi?”

“Ó wọlé láì gbàṣẹ ni, sà,” ni Akọ̀wé Àgbà dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí akọ̀wé yìí jẹ́. Gbogbo ohun tí ọ̀gá bá sọ ni ó ń kọ sílẹ̀, títí kan ikọ́. Bí ọ̀gá bá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kọ ọ́ pé, “Ọ̀gá tẹnu mọ́ ọn.”

Ọ̀gá Odidi dìde. Nígbà tí ó bá dìde, aṣọ ńlá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dìde, òun fúnra rẹ̀ á sì tẹ̀lé e.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ni ó wí, “ìdá ni kòkòrò tí ó ń jẹ ayé yìí. Oòrùn tí ẹ ń wò lókè yẹn, ṣé ìdá oòrùn ni? Orí tí ó wà lọ́rùn mi, ṣé ìdá orí ni? Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ ọ̀gá, ṣé ìdá ọ̀gá ni wọ́n fi mí jẹ? Láti òní lọ, iye tí kò bá pé ní iléeṣẹ́ yìí, a ó gbé e ga títí yóò fi pé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, odidi mi.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ka àtẹ́wọ́ náà, ó jẹ́ méjìdínlógún, ó sì kọ ogún.

Ìyá Ìléru kò pàtẹ́wọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí a bá gbé àádọ́ta àti ìdá mẹ́fà ga, mọ́kànléláàádọ́ta ni yóò dà. Irin náà kò ní ṣeé ṣí kí ó dúró. Á pa dé lọ́wọ́ dókítà kí ó tó dé ara aláìsàn.”

“Ìyá, ìdá mélòó ni mo fi kún un?”

“Mẹ́rin, sà.”

“Mẹ́rin péré. Ẹ wá ń gbọ̀n nítorí mẹ́rin. Mo fi odidi ọdún mẹ́rin kún ọjọ́ orí tèmi nínú ìwé, ẹ wò mí, ṣé mo pa dé?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín pẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fi parí, Ìyá Ìléru ìbá ti máa wọn irin rẹ̀ bó ṣe yẹ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Odidi mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó gbéra lọ sí yàrá ìwọ̀n fúnra rẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà tẹ̀lé e tí wọn kò gbé ohunkóhun dání, ó sì mú àpótí igi kékeré tí àwọn òṣùwọ̀n wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣùwọ̀n náà fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀mú kékeré kan tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà láàárín wọn, òun ni wọ́n fi ń mú wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣí ìdè eegun nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Ọ̀gá ti gbogbo rẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n wúrà ọrùn rẹ̀. Òṣùwọ̀n ńláńlá nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún Ìyá Ìléru. Ẹni tí kò bá mọ bí ìyẹn ti rí, kí ó gbìyànjú láti fi ṣọ́bìrì bu iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó lọ sí ilé ìwòsàn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ sókè. Aránṣọ ni, orí àpótí ni ó ti ṣubú nígbà tí ó ń na ọwọ́ mú aṣọ lókè pẹpẹ. Ó kéré sí Ìyá Ìléru ní ọdún méje, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ilé ọkọ ni, Àǹtí ni Ìyá Ìléru ń pè é, òun náà sì ń pè é ní ìyàwó.

“Ìyàwó mi, ṣé irin mi ti jinná?”

“Kò tíì jinná, Àǹtí. Ọ̀gá ti ti òṣùwọ̀n mọ́lé.”

“Wọ́n ti òṣùwọ̀n mọ́lé? Kí ló jí?”

“Ó kéré jù ni.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń mì, ẹsẹ̀ sì dùn ún. “Dókítà ní bí ó bá fi kọjá Ọjọ́ Ẹtì, eegun náà yóò so ní wíwọ́. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyàwó. Ẹsẹ̀ wíwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́.”

“Kò ní kọjá Ọjọ́ Ẹtì.”

“Bàbá mi ni ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀.” Olóògbé ni ó ń pè ní bàbá mi. Àwọn méjèèjì wo ẹsẹ̀ tí ó kọ́ sókè náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin wa, Ọ̀gá Odidi. Mínísítà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé ó fẹ́ yan ẹnìkan tí yóò jẹ́ ọ̀gá lórí gbogbo iléeṣẹ́ irin lápapọ̀, Ọ̀gá Odidi sì ti rán aṣọ tí yóò fi gba ipò náà. Ohun tí ó kù ni bí Mínísítà yóò ṣe mọ irú ènìyàn tí ó wà níwájú rẹ̀.

“Sà,” ni Akọ̀wé wí, “àwọn ènìyàn ń tẹríba fún yín, ìyẹn ti di ti àtijọ́. Ohun tí kò ní ẹ̀mí ni ó kù kí ó tẹríba.”

Bí wọ́n ṣe pinnu òdòdó nìyẹn. Wọn ó fi irin onírántí ṣe òdòdó tí ó ga dé èjìká ènìyàn, wọn ó tò wọ́n sí ọ̀tún àti òsì kápẹ́ẹ̀tì. Inú iná ni wọn yóò ti kọ́ wọn ní ìtẹríba, lẹ́yìn náà wọn yóò nà wọ́n ró nígbà tí wọ́n bá tutù. Mínísítà yóò kọ́kọ́ kọjá, òdòdó kò ní mira. Ọ̀gá yóò wá tẹ̀lé e, wọn yóò tan iná fìtílà ńlá sí wọn, ooru yóò kàn wọ́n, gbogbo wọn yóò sì tẹríba fún un. Òdòdó mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni kápẹ́ẹ̀tì náà gbà. Ọ̀gá sọ wọ́n di ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin kò rí àyè dúró, wọ́n sì lọ ń dúró ní ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

“Àádọ́ta àti ìdá mẹ́rin ni èyí,” ni Ìyá Ìléru wí.

“Mọ́kànléláàádọ́ta,” ni Ọ̀gá Odidi wí.

“Sà, inú wọn kò ní tutù débi tí wọ́n á fi dúró.”

“Ta ló ní kí inú wọn tutù? Ẹ yọ́ ọ. Ẹ yọ́ ìdè eegun náà pọ̀ mọ́ ọn.”

Ó yọ́ ọ. Kí ni yóò ṣe? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́kànléláàádọ́ta sínú ìwé aláwọ̀ aró náà lábẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé olóògbé, ojú sì tì í bí ẹni tí ó da epo sí aṣọ àlejò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n to òdòdó náà jọ, gbogbo wọn sì ti tẹríba. Kò sí fìtílà, kò sí ọ̀gá, kò sí Mínísítà. Wọ́n nà wọ́n ró, wọ́n fọwọ́ sílẹ̀, òdòdó tún tẹríba. Bàbá Onígbálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bá wọn níbẹ̀, arúgbó ọlọ́wọ̀ kan tí ó gbé korobá àti ìgbálẹ̀ wọlé. Ó rí ọgọ́rùn-ún òdòdó tí ó dorí kodò fún un. Ó gbé korobá sílẹ̀.

“Ẹ ṣeun,” ni ó wí fún ti àkọ́kọ́, ó sì tẹríba padà. “Ẹ má ṣe ìyọnu,” ni ó wí fún ìkejì. Ó ti dé ìkẹtàlélógún kí Ọ̀gá Odidi tó wọlé.

“Ta ni wọ́n ń tẹríba fún?”

“Èmi ni, sà. Mo ti ní kí wọ́n dìde, wọn kò gbọ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti rí ẹni tí ó ń jowú irin rí? Ojú ọ̀gá pọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé Bàbá Onígbálẹ̀ jáde, kí òdòdó lè gbàgbé rẹ̀. Òdòdó kò gbàgbé. Wọ́n tẹríba fún awakọ̀, wọ́n tẹríba fún ológbò kan tí ó gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn mẹ́rin tí ó wà ní ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹríba fún gbogbo ẹni tí ó kọjá, ní lílọ àti ní bíbọ̀.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n ra yìnyín. Wọ́n da yìnyín sí ẹsẹ̀ òdòdó títí kápẹ́ẹ̀tì fi dà bí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Òdòdó kò dìde. Ẹsẹ̀ Akọ̀wé yọ̀ lórí yìnyín, ó fi ìdí balẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ó jókòó sí pé ìpàdé ń lọ dáadáa.

Ìgbìmọ̀ tún jókòó, ó ní kí wọ́n fi okùn fà wọ́n ró. Wọ́n so orí òdòdó kọ̀ọ̀kan mọ́ okùn gígùn kan lókè, ọkùnrin mẹ́rin fa okùn náà títí gbogbo wọn fi nàró. Bí ọ̀gá bá dé àárín kápẹ́ẹ̀tì, yóò húkọ́, Akọ̀wé yóò sì gé okùn.

Ìyá Ìléru rí okùn náà, ó sáré wá. “Sà, ẹ jọ̀ọ́. Irin tí níkẹ́lì rẹ̀ pọ̀ tó báyìí kì í dákẹ́ síbi tí a bá fà á sí. Ńṣe ni ó ń kó agbára náà pamọ́. Bí ẹ bá gé okùn yẹn, á padà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára tí ọkùnrin mẹ́rin fi fà á.”

“Ìyẹn ni pé wọn yóò tẹríba tagbáratagbára.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó wù mí bẹ́ẹ̀,” ni Ọ̀gá Odidi wí.

“Àpótí òṣùwọ̀n ńkọ́, sà? Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìwòsàn ń dúró dè. Àwọn ìdè tí mo yọ́ yẹn, mi ò lè fi òǹtẹ̀ lù wọ́n.”

“Ẹ kó wọn wá, èmi yóò fi òǹtẹ̀ lù wọ́n.” Ó mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti fi igi kékeré kan há ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí ó má baà pa dé. Ó wò ó, ó rẹwà. Ó jù ú sí àpò. “Èyí ni n ó fi han Mínísítà.”

Ó dé Ọjọ́bọ̀. Mínísítà náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó wọ awò ojú, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ó rin orí kápẹ́ẹ̀tì náà kíá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi àga, ó wò lẹ́yìn. Ọ̀gá Odidi ṣì wà ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ó ń ju ọwọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n wá wò ó. Aṣọ ńlá rẹ̀ kún kápẹ́ẹ̀tì láti etí dé etí. Ó dé àárín. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ húkọ́.

Mínísítà ni ó kọ́kọ́ húkọ́. Eruku ni.

Akọ̀wé kò gbé ojú sókè, nítorí ó ń kọ ikọ́ náà sílẹ̀. Ó gé okùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé mo ka iye òdòdó tí ó bà á. Wọ́n tẹríba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n sì dún fìì. Fìlà rẹ̀ fò lọ sínú korobá Bàbá Onígbálẹ̀. Òdòdó kan gbá a létí, òmíràn gbá a ní ìdí, mẹ́fà kọ́ aṣọ ńlá náà ní ìhà ọ̀tún, mẹ́fà kọ́ ọ ní ìhà òsì, wọ́n sì fa aṣọ náà yọ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá dúró nínú ṣòkòtò àti àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn mẹ́rin náà tẹríba.

“Ṣé ara àfihàn náà nìyí?” ni Mínísítà béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Akọ̀wé dáhùn. “Apá kìíní ni.”

Ẹlòmíràn ìbá lọ sílé. Ọ̀gá Odidi gun orí pèpéle, etí rẹ̀ kan pọ́n bí iná, ó sì yọ ìdè eegun náà láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

“Ọlọ́lá jùlọ,” ni ó wí, “ẹ wo irin kékeré yìí. Ó ṣí sílẹ̀ bí ọwọ́ mi ṣe ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Kò ní pa dé láéláé, àfi bí ó bá gba àṣẹ. Láti orí ìdá ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di odidi.”

“Ẹ gbé e sún mọ́ ojú, sà, kí wọ́n lè rí i,” ni Akọ̀wé sọ sí i létí, èyí tí kò pọ́n.

Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ìyá Ìléru, tí ó dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà, ní, “Sà, ẹ má yọ igi yẹn.” Ó yọ igi náà.

Ìdè náà mú un nímú.

Ohùn tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn èyí dà bí ti eṣinṣin inú ìgò. Akọ̀wé fà á, imú gùn, ìdè kò tú. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi omi gbígbóná sí i. “Ooru ni yóò mú un le sí i,” ni Ìyá Ìléru wí. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi yìnyín sí i. “Imú yín ni yóò kọ́kọ́ di yìnyín, sà, ìdè kò tilẹ̀ ní mọ̀.”

“Kí ló wá lè ṣí i?” ni Mínísítà béèrè.

“Ẹ̀mú kékeré kan ni, mà. Inú àpótí òṣùwọ̀n wẹ́wẹ́ ni ó wà.”

“Ẹ lọ gbé e wá.”

“Ọ̀gá ti tì í pa, mà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn lọ́rùn wọn.”

Gbogbo gbọ̀ngàn wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀gá Odidi fi ọwọ́ bò ó. Ó wo Mínísítà, ó wo Ìyá Ìléru, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí imú. Díẹ̀díẹ̀ ni ó bọ́ ẹ̀wọ̀n náà.

Ìyá Ìléru gbé àpótí wá. Ó fi ẹ̀mú ọkọ rẹ̀ há àárín ẹsẹ̀ ìdè náà, ó sì ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Mínísítà ń wo inú àpótí.

“Ta ní ń ti òṣùwọ̀n mọ́lé ní iléeṣẹ́ irin?”

“Wọ́n ní kò pé, mà,” ni Ìyá Ìléru dáhùn. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀: ìdá mẹ́fà, ìdá mẹ́rin, mọ́kànléláàádọ́ta, ogójì eegun tí ó ń dúró de ọ̀la. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ka iye náà jáde.

Mínísítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ogún ọdún ni mo fi wọn oògùn fún àwọn aláìsàn kí n tó dé ipò yìí,” ni ó wí. “Bí mo bá gbé oògùn ọmọdé kan ga báyìí, ẹ̀wọ̀n ni wọn ìbá gbé mi lọ. Ẹ fún mi ní ìwé iṣẹ́ ọ̀gá yín.” Ó ṣí i. “Ọgọ́ta ọdún. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ọgọ́ta ni à ń fẹ̀yìn tì, ẹ lè máa lọ sílé lónìí.”

“Mà,” ni Ọ̀gá Odidi wí, ó di imú mú, “ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí.”

“Ọgọ́ta ni mo rí níbí.”

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mà. Àti oṣù márùn-ún. Àti ọjọ́ mọ́kànlá.”

“Oṣù márùn-ún? Ọjọ́ mọ́kànlá?” Mínísítà wo àwọn òṣìṣẹ́. “Àbí ìdá ni mo ń gbọ́ yìí?”

Bàbá Onígbálẹ̀ yọ fìlà láti inú korobá, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó sì gbé e fún ẹni tí ó ni ín.

“Ó dára,” ni Mínísítà wí. “Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ìdá tí ó kù kí ẹ tó pé ọgọ́ta tán, yàrá ìwọ̀n ni ẹ ó ti jẹ ẹ́. Ìyá yìí ni yóò máa sọ iye tí ẹ ó wọ̀n.” Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ìléru, ó sì ń retí kí ó húkọ́.

Kí Mínísítà tó wọ ọkọ̀ ni Ìyá Ìléru ti tan iná. Ó ṣí ìwé aláwọ̀ aró, ó fi ìlà kan pa mọ́kànléláàádọ́ta rẹ́, ó sì fi ẹ̀mú mú òṣùwọ̀n tí ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja lé orí ìwọ̀n. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, dókítà ṣí ìdè kan nínú omi títutù, ó fi sí eegun ẹsẹ̀ ọ̀tún aránṣọ kan, ìdè náà sì dúró ní ṣíṣí títí ooru ara rẹ̀ fi kàn án, ó wá pa dé pẹ̀lẹ́. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà Àǹtí tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì rán àpò aṣọ kékeré kan fún ìyàwó rẹ̀ láti máa kó àpótí òṣùwọ̀n sí.

Yàrá ìwọ̀n ni ọkùnrin wa wà báyìí. Òṣùwọ̀n kọ́kọ́ ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò mú ohun kékeré rí. Nísinsìnyí wọn kì í já bọ́ mọ́.

“Mélòó ni tòní, Ìyá?”

“Àádọ́ta àti ìdá mẹ́fà.”

“Ìdá mẹ́fà,” á tún un sọ, á sì mú ẹ̀mú.

Òdòdó kan wà lójú fèrèsé yàrá náà. Kì í ṣe ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn. Wọ́n ti yọ́ ìyẹn padà. Èyí jẹ́ àjẹkù irin tí olóògbé yọ́ kẹ́yìn, àádọ́ta àti ìdá mẹ́rin, tí Ìyá Ìléru fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó máa ń nàró sójú fèrèsé, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ní àárọ̀ kan, ọkùnrin wa gbé ife tíì gbígbóná kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láì ronú. Ooru ń rú jáde nínú ife náà. Òdòdó náà dúró díẹ̀, ó wá rọra tẹríba fún un.

Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni ó wọlé. Kò sí ẹnìkan. Ó tún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì tẹríba padà. Kì í ṣe odidi ìtẹríba. Ìdá mẹ́rin ni, bóyá márùn-ún.

Ìyá Ìléru rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kò gbé e ga.